Egungun Ọrùn Tí Mo Gbé Síwájú Akim

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Èmi Asanali parọ́ mọ́ ọ̀rẹ́ mi, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀. Gbogbo abúlé wa ló ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní aládùúgbò kan tó lẹ́nu bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí i létí.

Èmi ni mo máa ń pín ẹran tí wọ́n bá ń ṣe àsè lábúlé wa, lókè odò Naryn níbí. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ náà. A kì í ṣàdédé bu ẹran fún àlejò. Egungun kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó tọ́ sí. Ìbàdí àgùntàn ni ti àlejò pàtàkì, ìdí ni ti ìyá àgbà, itan ni ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa pín in títí yóò fi kan àwọn ọmọdé. Egungun ọrùn ńkọ́? Àwọn tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé ló ń jẹ ìyẹn. Ẹni tó bá gbé ọrùn síwájú àlejò ti bú u láì la ẹnu. Onílé ló máa ń sọ ohun tí kálukú yóò jẹ, èmi á wá gbé e lọ síwájú wọn.

Iṣẹ́ mi kejì ni ẹnu. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, tí mo bá gbọ́ ọ tán, ó di iwájú ṣọ́ọ̀bù Joldosh, níbi tí mo ti ń tú u fún àwọn èèyàn. Àìmọye mínísítà ni mo ti yọ nípò níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná fún wa lójoojúmọ́, láti aago méjì ọ̀sán sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní omi adágún tó ń fún wa níná ti fà. Èmi ní irọ́ ni, pé ẹnì kan ló ń ta iná náà lábẹ́lẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń dùn létí àwọn èèyàn, mi ò sì dákẹ́.

Ọjọ́ àsè Tologon ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ju Tologon lọ, àárín wa sì dà bíi tàwọn ọmọ ìyá kan. Ó ń ṣe ìrántí ọdún kan tí bàbá rẹ̀ kú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo gbọ́ Emilbek, akim wa, ìyẹn olórí agbègbè, lórí rédíò, tó ń sọ pé ká máa ṣọ́ iná lò. Inú bí mi. Mo dìde, mo nawọ́ sí rédíò, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i dáadáa, mo sì padà jókòó. Orí awò ojú mi ni mo jókòó lé.

Batma ìyàwó mi wo awò náà, ó wò mí.

"Bàbá Ermek, rédíò ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Awò ojú yín ló gbọ́."

Ó ní kí n mú tirẹ̀ lò. Òdòdó wẹ́wẹ́ ló wà létí ẹ̀. Mo ní, "Kí n wọ awò obìnrin lọ sáàárín àwọn àgbà? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pín ẹran. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n." Mo ju èyí tó fọ́ sínú àpótí ìyẹ̀fun, mo sì jáde.

Nígbà tí mo débẹ̀, Tologon fà mí sẹ́yìn ìkòkò ńlá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, akim ń bọ̀ lónìí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí Ìyá."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀dọ̀fóró Ìyá Sayra, ìyá rẹ̀, ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀rọ kan ló ń bá wọn mí, iná sì ni ẹ̀rọ náà ń lò. Tí iná bá ti lọ, bátìrì tó wà lára ẹ̀ ò lè gbé e ju wákàtí mẹ́ta lọ, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń pa iná. Wọn kì í pa iná ilé ìwòsàn ní tiwọn. Òpó mẹ́ta péré ló wà láàárín wáyà ilé ìwòsàn àti ilé Tologon. Tí akim bá fọwọ́ sí i, wọ́n á fa wáyà náà débẹ̀, Ìyá á máa mí.

Tologon ní, "Ìbàdí ni kẹ́ ẹ gbé fún un. Ẹ̀gbọ́n, mo sì bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ òṣèlú yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ kì í ṣọmọdé. Ẹnu yín ni mò ń bẹ̀."

Èéfín àti ooru ẹran ti gba inú ilé ìdáná. Mo gé ẹran, mo tò ó sínú abọ́. Abọ́ ìbàdí wà lápá ọ̀tún mi, abọ́ ọrùn tí mo fẹ́ fún àwọn tó ń fọ abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú mi lọ́jọ́ yẹn, òkìtì ẹran méjì lásán ni wọ́n. Mo gbé ọ̀kan, mo wọlé, mo gbé e síwájú akim tó jókòó lápá òkè ilé, níbi tí àlejò pàtàkì máa ń jókòó.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wa."

Mi ò rí ojú àwọn èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ilé ṣe pa lọ́lọ́. Àgbà kan wúkọ́. Akim dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìdáná, Gulsun, ìyàwó Tologon, dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọrùn lẹ gbé fún akim. Ìbàdí rèé níbí."

Mo tún wo abọ́ náà, mo fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi lákọ̀ọ́kọ́ ni pé kí n lọ bá Tologon, kí n ní, "Àbúrò, awò ojú mi fọ́, mi ò ríran, dárí jì mí." Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní máa kọ èyí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yọ síta ni Joldosh gbá ọwọ́ mi mú, ó ń mì í. Akim ti jẹun tán, ó ti lọ. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá dúró ti mọ́tò, gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é. Ẹ gbé ọrùn fún un lójú gbogbo ayé."

Ẹlòmíì ní, "Ká sòótọ́, mo rò pé ẹnu lásán lẹ ní."

Joldosh ti gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ń ya fídíò. "Ẹ bá wa sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e fún un?"

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ń bá mi rẹ́rìn-ín ni, kò sẹ́ni tó kà mí sí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wò mí bẹ́ẹ̀. Kí n wá sọ pé mo jókòó lé awò ojú mi nígbà tí mò ń bá rédíò jà? Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ní, "Ẹni tó bá pa iná fún wa, ọrùn ló máa jẹ."

Wọ́n hó yèè. Nígbà tí mo yíjú padà, Tologon ló dúró lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Fóònù ṣì wà lókè. Gbogbo wọn ń dúró de ìdáhùn mi.

Mo ní, "Ó tọ́ sí i."

Tologon ò bínú. Ó ní, "Mo tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Ó ní kí n mú ìwé Ìyá wá lọ́jọ́bọ̀. Kò tíì bàjẹ́ tán." Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fídíò náà ti kúrò lábúlé wa. Àwọn ìbátan mi tó wà ní olú ìlú ń pè mí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi pé akọni ni mí. Mò ń gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbádùn ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́rú, olórí abúlé pè mí.

"Asanali, akim ní kó o wá lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ dání."

"Káàdì ìdánimọ̀? Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Wọn ò sọ fún mi." Ó sì pa fóònù.

Oṣù méjì ṣáájú, èmi náà ni mò ń tú ìròyìn ọkùnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí wọ́n wá mú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti fọ̀rọ̀ lọ Joldosh. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun ní oníbàárà nínú. Kò sí oníbàárà kankan nínú.

Batma gbé tíì síwájú mi. Mo jẹ́ kó tutù níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ mú awò tó fọ́ yẹn dání. Ẹ gbé e sórí tábìlì rẹ̀, kẹ́ ẹ ní ẹ ò ríran. Ó parí."

"Kí gbogbo ayé wá máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Èwo ló le jù nínú ẹ̀rín àti àtìmọ́lé?"

Mi ò mú awò náà dání.

Ọmọ tó tó ọmọ mi ni akim. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, mo sì gbọ́ ohùn ara mi níbẹ̀: "Ẹni tó bá pa iná fún wa, ọrùn ló máa jẹ." Ó jẹ́ kó parí. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e fún mi?"

Mò ń ronú nípa ẹ̀wọ̀n, mò ń ronú nípa Ermek ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà, nípa màlúù mi méjì. Mo ní, "Sà, àṣà wa ni pé onílé ló máa ń yan egungun. Èmi kàn ń gbé e ni."

"Ṣé Tologon ló yan ọrùn fún mi?"

Títí dìgbà yẹn, mi ò tíì purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dá káàdì mi padà, ó ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Tologon ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn ìyá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ nínú ọ̀rá. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá sọ fún un pé ọwọ́ yín ló ti wá, pé kì í ṣe èmi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi mí sílẹ̀. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àmín." Ẹ gbọ́ o, àmín ni mo ní. Mo sì kọjá lára rẹ̀.

Wọn ò fún un ní wáyà. Wọn ò sọ ìdí. Ó wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́, ó ń bi mí bóyá òun ṣe àṣìṣe nínú ìwé náà. Mo bá a wo ìwé náà. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo gbé e jìnnà, mi ò rí lẹ́tà kan kà. Mo ní ìwé náà dára.

Láti ọjọ́ yẹn, aago méjì ọ̀sán di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ fún mi. Tí iná bá ti lọ, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń ka wákàtí. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wákàtí kẹrin, mi ò lè jókòó. Tí ajá bá gbó, màá rò pé wọ́n ti wá sọ fún mi pé Ìyá ti lọ. Ìyá yẹn ló fún mi lóúnjẹ nígbà tí màmá mi kú. Mi ò sì lè ṣe awò ojú míì, nítorí àwọn èèyàn á béèrè ìgbà tí èyí ti tẹ́lẹ̀ fọ́.

Lọ́jọ́ kan, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Iná ò tíì lọ ju wákàtí kan àbọ̀ lọ tí Gulsun fi ń sáré bọ̀, kò wọ bàtà tó dáa. "Bátìrì ti kú. Ìyá ò lè mí."

Tologon ti ta mọ́tò rẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ náà. Mọ́tò mi ló sún mọ́ wọn jù. Orí òkè ni òpó mẹ́ta yẹn gbà, ọ̀nà mọ́tò tó lọ sílé ìwòsàn ní tirẹ̀ yí òkè ká lẹ́bàá odò, yìnyín sì ti bò ó. A gbé Ìyá sẹ́yìn, àárín Tologon àti Gulsun. Batma wọlé jókòó tì mí láìjẹ́ pé mo pè é.

Funfun ni gbogbo iwájú mi. Mi ò rí ibi tí ọ̀nà parí, tí odò bẹ̀rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí Ìyá ṣe ń fa èémí lẹ́yìn, bí ẹni ń fa igi lórí òkúta. Batma bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Sọ́tùn-ún. Ó tó. Àgùntàn ń bọ̀, ẹ dúró. Ẹ máa lọ. Sósì, sósì, odò nìyẹn."

Tologon na orí síwájú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ríran ni? Awò ojú yín ńkọ́?"

Mo gbé ojú sún mọ́ gíláàsì iwájú.

Batma ní, "Àwọn fúnra wọn ló jókòó lé e láàárọ̀ ọjọ́ àsè yín."

Mo gbọ́ bí Tologon ṣe fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Láàárọ̀," bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti odò lọ.

A débẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá wọlé, wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn nímú. Dókítà jáde wá sọ pé wọ́n á yè é, ṣùgbọ́n ká má gbé wọn padà sílé tí kò níná. Ibẹ̀ ni Tologon ti mú fóònù, tó pe ọ́fíìsì akim. Akim fúnra rẹ̀ ló gbé e. Fóònù Tologon máa ń gbé ohùn sókè, gbogbo wa ló ń gbọ́.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lónìí. Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi."

"Tologon, èmi kì í ṣèèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó pín ẹran nílé rẹ jókòó síwájú mi, ó ní ìwọ lo yan ọrùn fún mi. O pè mí wá sílé rẹ láti wá bú mi, o tún ń bẹ̀ mí."

Tologon yíjú sí mi. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ń wò mí. Gulsun fi ìborùn bo ẹnu. Batma wo ilẹ̀.

Mo na ọwọ́, Tologon sì fún mi ní fóònù náà.

"Sà, Asanali ni. Irọ́ ni mo pa. Ìbàdí ni Tologon ní kí n gbé fún yín. Awò ojú mi fọ́, mo ṣi abọ́ gbé. Nígbà tí wọ́n yìn mí, mo gbà á. Nígbà tẹ́ ẹ pè mí, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e lé Tologon lórí."

Akim ló wá fèsì.

"Bàbá, ìlú ńlá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mi ò mọ egungun kan yàtọ̀ sí ìkejì. Mo jẹ ẹran náà, ó rọ̀, mo gbádùn ẹ̀. Fídíò yín ni mo fi mọ̀ pé ẹ bú mi."

Ẹ gbọ́ nǹkan, ẹ̀yin ará. Kò tilẹ̀ mọ̀. Ká ní mo panu mọ́ lọ́jọ́ náà ni, Tologon ì bá ti gba wáyà rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn.

Akim ní kí Tologon mú ìwé náà padà wá. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà wọ́n kí wọ́n tó fa wáyà náà, Ìyá sì wà nílé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ náà. Mo lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ òtítọ́ lójú gbogbo wọn. Joldosh ò ya ìyẹn ní fídíò.

Lọ́jọ́ tí Ìyá padà wálé, Tologon pa àgùntàn kan. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ awò ojú tuntun, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo forí lé ilé ìdáná. Gulsun dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ lọ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹlòmíì ló ń pín in."

Mo jókòó láàárín àwọn àgbà. Tologon gbé ìdí àgùntàn síwájú Ìyá, ó gbé ìbàdí síwájú àgbà tó dàgbà jù, ó gbé itan fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó wá dúró síwájú mi, abọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé e kalẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

Ìyá Sayra yọ rọ́bà ẹ̀rọ kúrò nímú díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀.

"Gbé e fún un. Èmi ni onílé, èmi ni mo yàn án. Bí wọ́n bá bi í léèrè níbòmíì, kó sọ pé èmi ni."

Ọrùn ni. Mo rí i kedere. Ilé dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ ti akim. Mo mú ọ̀bẹ, mo dúpẹ́, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Òótọ́ ni akim sọ, ó rọ̀. Láti ọjọ́ náà, Tologon ń kí mi, mò ń kí i, ṣùgbọ́n kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.